Oyún Kíkà Kì í Ṣe Èèwọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà obìnrin wa: wọn a ní aboyún kì í ka oyún rẹ̀, kí ayé má baà gbọ́. Nítorí èyí, bí agbẹ̀bí bá bi ọ̀pọ̀ aboyún léèrè ọjọ́ tí wọ́n rí nǹkan oṣù kẹ́yìn, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Èmi náà gbà pé a kì í ròyìn oṣù oyún fún ará ọjà. Ṣùgbọ́n ìpolongo ni àṣà kọ̀. Kò kọ ìmọ̀.

Ẹ̀rí wà nínú orúkọ àmútọ̀runwá. Ọmọ tí ó pẹ́ nínú ju iye oṣù tí a mọ̀ lọ ni Ọmọ́pẹ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kà á, ta ni ì bá mọ̀ pé ó pẹ́? Ti Ìlọ̀rí tilẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ tí ìyá lóyún rẹ̀ láì kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù ni. Àwọn ìyá ńlá wa mọ ibi tí ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì sọ ọmọ tí ìṣirò tirẹ̀ kò ní ìbẹ̀rẹ̀ lórúkọ. Samuel Johnson kọ orúkọ méjèèjì sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921.

Ibẹ̀ gan-an ni ilé ìwòsàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní nǹkan oṣù tí obìnrin rí kẹ́yìn ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ 280, èyí tí í ṣe ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje 40. Ìlànà tí a fi orúkọ Franz Naegele, oníṣègùn ará Jámánì, pè rọrùn: fi ọjọ́ 7 kún un, kí o yọ oṣù 3. Ẹni tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, kí ó máa retí ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún tí ó tẹ̀ lé e. (Ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin 70 náà ni 280. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Jàkúta, ọjọ́ Jàkúta ni yóò pé.)

Ọjọ́ yìí kì í ṣe àdéhùn. Ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ ni í bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n láìsí i, agbẹ̀bí tí ó fi téèpù wọn ikùn kò lè mọ̀ bóyá ọmọ ni kò dàgbà tó, tàbí oyún ni kò tíì tó bí a ṣe rò. Ọlẹ̀ tí ó sọ nínú lè tọ́ni sọ́nà, àmọ́ ara obìnrin kò dọ́gba: ẹni tí ó ti bímọ rí sábà máa ń tètè mọ̀ ọ́n lára ju ẹni tí ó ń ṣe àkọ́bí lọ.

Ìyá tí ó lóyún Ìlọ̀rí, kí ó tètè lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀rọ tí ń yàwòrán inú. Ní 2016 Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí gbogbo aboyún ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Bí ó bá ṣe yá tó ni ọjọ́ tí a rí ṣe ń péye tó. Ní ti Ọmọ́pẹ́, orúkọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó sílé dè é. Bí oyún bá ti ré kọjá ọ̀sẹ̀ 42, agbára ibi ọmọ lè máa dín kù, ewu sì ń pọ̀ sí i fún ọmọ inú. Ìyá ọkọ tí kò fẹ́ kí ayé gbọ́ lè bá ìyàwó kọ ọjọ́ náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, kí ó sì kọ ojú rẹ̀ sí ògiri.