Ìbọn Òfìfo Náà, Ìbọn Ni

Àwọn àgbà ní: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí òun? Síbẹ̀, ní àwọn abúlé oko àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, láti Mọníyà ní Akínyẹlé dé Lálúpọn ní Lágelú, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Àkànrán ní Ọ̀nà-Àrà, kì í ṣe ohun àjèjì kí ọdẹ tó ti igbó dé yọ ọta kúrò nínú ìbọn ẹlẹ́nu méjì rẹ̀, kí ó sì fa apátí lófìfo kí ó tó gbé ìbọn náà kọ́ ògiri. Àwọn kan ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní ó ń ba ìbọn jẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹni kejì ló sún mọ́ òtítọ́ jù, ṣùgbọ́n ìbọn nìkan kọ́ ni àṣà náà lè bà jẹ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ìbọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Irú kan wà tí inú ẹnu rẹ̀ méjèèjì ní ìlà tó lọ́ bí okùn, tí ọta rẹ̀ jẹ́ òjé kan ṣoṣo, tí àwọn òyìnbó ń lò fún erin àti ẹfọ̀n. Ìyẹn kọ́ ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ọdẹ abúlé. Tirẹ̀ ni èyí tí inú rẹ̀ ń dán, tó ń tú òjé wẹ́wẹ́ jáde, tó fi ń pa ọ̀yà, ehoro àti ẹtu. Ní ti fífà lófìfo, ohun tó ń pa ọ̀kan lára náà ló ń pa èkejì lára.

Nígbà tí ọdẹ bá fa apátí, òòlù ìbọn á já lu irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dà bí abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ náà á sì lu ìdí ọta. Irin rírọ̀ tó wà ní ìdí ọta ló ń gba agbára rẹ̀ mọ́ra. Bí ọta kò bá sí níbẹ̀, irin líle ni yóò máa lu irin líle. Ẹ̀ẹ̀kan lè má ṣe nǹkan, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lè má ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìbọn abúlé ti gbó. Ogún bàbá ni àwọn mìíràn, alágbẹ̀dẹ sì ti lè pààrọ̀ abẹ́rẹ́ inú wọn. Irin tí iná mú le jù kì í tẹ̀, ńṣe ló ń kán. Bí ó bá kán, ìbọn lè kọ̀ níwájú ìmàdò tó ń bínú bọ̀. Èyí tó tún burú jù ni kí orí abẹ́rẹ́ há síta: bí ọdẹ bá fi ọta tuntun sí i tó sì pa ìbọn dé, ó lè dún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan apátí.

Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ ogun àti àwọn tó ń fi ìbọn díje ní Olympics máa ń fa ìbọn lófìfo láti fi kọ́ ìka wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ọ̀pọ̀ nínú ìbọn wọn ti ro ti àṣà yẹn mọ́ iṣẹ́ wọn. A kì í fi ìbọn òde òní wọn ìbọn ogún bàbá.

Àwọn ọdẹ tó ń fà á ní ìdí tiwọn. Bí òòlù ìbọn bá wà níta, àtàǹpàkò lè rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èyí tí òòlù rẹ̀ fara pamọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Anson àti Deeley ti gbé tiwọn jáde ní Birmingham ní ọdún 1875, ọ̀pọ̀ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé ṣíṣí i láti yọ ọta ti tó láti gbé òòlù sókè. Ẹ̀rù sì ń ba ọdẹ pé sípíríǹgì yóò rọ bí òòlù bá wà lókè mọ́jú. Ọ̀nà tó dára wà: ọta irọ́ tó ní rọ́bà tàbí sípíríǹgì ní ìdí. Gbẹ́nàgbẹ́nà lè fi igi gbẹ́ ẹ, kí ó fi rọ́bà tó nípọn sí ìdí rẹ̀, kí ó sì kùn ún ní àwọ̀ tí kò jọ ti ọta gidi rárá. Èèpo ọta tí a ti yìn kò lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, nítorí ìdí rẹ̀ ti jìn kòtò, ó sì rọrùn láti ṣì í mú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn ṣe pàtàkì ju abẹ́rẹ́ lọ. Ẹnu méjì ni ìbọn yìí ní. Ọ̀kan lè ti dún kí èkejì ṣì máa dákẹ́ pẹ̀lú ọta nínú. Ẹni tó bá ti sọ fífa apátí nínú ilé di àṣà yóò fà á lọ́jọ́ tó gbàgbé, ní àárín aya àti ọmọ. Ti ṣakabùlà tún léwu jù, nítorí kò ṣeé ṣí wò. Ọ̀pá ìkìbọn nìkan ló lè sọ òtítọ́: kí ọdẹ sàmì sí ibi tó dé nígbà tí ìbọn ṣófo, kí ó sì tì í bọ̀ ọ́ wò nígbàkúùgbà tó bá ti oko dé.

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 tí wọ́n ti ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn, iṣẹ́ ààbò ìlú tún wúwo sí i lọ́rùn àwọn ọdẹ. Ìbọn tó ń gbé inú igbó ti wá ń gba ojú títì àti ẹ̀gbẹ́ ọjà kọjá. Òfin ìbọn ọdún 1959 béèrè ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ti ń tọ́jú ìbọn. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ọdẹ nìyẹn. Ní ìpàdé, kí wọ́n máa yẹ abẹ́rẹ́ ìbọn ara wọn wò, kí wọ́n fi ọta irọ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́, kí wọ́n sì sọ ọ́ di èèwọ̀ láti fa apátí níbi tí ènìyàn wà. Ọdẹ tó bá fẹ́ gbé ìbọn kọ́ ògiri, kí ó ṣí i, kí ó fojú wo ẹnu méjèèjì, kí ó sì fi ìka bọ̀ ọ́ wò. Bí ó bá pọn dandan kí ó sọ òòlù kalẹ̀, kí ọta irọ́ wà nínú rẹ̀, kí ó sì dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀.