Ẹ yé da omi bátìrì sínú táńkì ọ̀kadà

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n bá àwa ọlọ́kadà Ìgbẹ́mọ-Èkìtì sọ̀rọ̀. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí owó epo ti fò sókè, lítà kan péré lọ̀pọ̀ wa ń rà sí táńkì. Ibi tó ṣófo nínú rẹ̀ ń làágùn lóru, ibẹ̀ ni irin ti ń dógùn-ún. Bó bá wá dí kabúrétọ̀, mẹkáníìkì á ní ká da omi bátìrì sí i. Èmi náà gbà. Ìdọ̀tí lọ lóòótọ́, àmọ́ táńkì lu, ó di ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Wẹ́dà kẹ̀! Òórùn epo tó kù nínú táńkì òfìfo tó láti gbaná, kó bú gbàmù lójú ẹni.

Ṣé ìdọ̀tí la ó torí ẹ̀ kú ni? Ẹ tú táńkì, ẹ ro epo rẹ̀ sí kẹ́ẹ̀gì, ẹ da omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti nọ́ọ̀tì díẹ̀ sí i, ẹ mì í dáadáa, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ẹ fi omi ọṣẹ ṣàn án, ẹ sá a sóòrùn kíákíá, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á tún dógùn-ún lọ́jọ́ náà. (Ẹ ka nọ́ọ̀tì yín o! Èyí tó bá ṣẹ́ kù kò ní dákẹ́ títí dé Adó.)

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọṣẹ́ yín.

Òǹkàwé yín,
Ìgbẹ́mọ-Èkìtì.