Oúnjẹ Tí Ara Ọmọ Kọ̀

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìkòsí, tí ó ń ta ata àti àlùbọ́sà ní ọjà Mile 12. Ọmọ rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọmọ oṣù 16. Ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n fún ọmọ náà ní mọ́ín-mọ́ín ẹlẹ́mìí méje níbi ìkómọ kan ní Kétu. Kò tí ì jẹ ẹ́ tán tí ètè rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí wú, tí gbogbo àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ sì lé kúlúkúlú bí ẹni pé ogún ẹ̀fọn ni ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohun gbogbo ti rọlẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní eyín ni ó ń hù. Aládùúgbò kan ní kòkòrò ni ó bà lé e. Ẹnì kẹta, tí wọ́n jọ ń tajà ní ìsọ̀, gbà á nímọ̀ràn pé kí ó má ṣe fún ọmọ náà ní ẹyin, ẹja, edé, ẹ̀wà, ẹ̀pà tàbí mílíìkì mọ́ títí yóò fi pé ọdún 5. Ìyá náà bi wá léèrè pé, nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti ta ni kí òun gbọ́?

A kò jẹ́ kí èsì wa dúró de ọjọ́ ìtẹ̀jáde. A ránṣẹ́ sí i pé kí ó má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn, kí ó gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ó má sì fún un ní mọ́ín-mọ́ín bẹ́ẹ̀ mọ́ kí ó tó lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kan ilé púpọ̀, nítorí náà ni a ṣe mú un wá síhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ èyí tí kò gba àríyànjiyàn. Bí ọmọ bá jẹun, tí kò sì pẹ́ tí ohùn rẹ̀ há, tí ó ń húkọ́, tí mímí rẹ̀ ń dún fíìfíì, tí ahọ́n rẹ̀ wú, tí ó ń bì léraléra bí ara rẹ̀ ti ń lé, tàbí tí ó rọ jọ̀wọ̀lọ̀ tí kò sì dá ẹni mọ̀ mọ́, ẹ gbé e ní ìṣẹ́jú náà lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín jùlọ. Ẹ má sọ pé ó di ibi tí ẹ ti gba káàdì. Ẹni tí ó bá ti wà ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú, láàárín Ojota àti Mile 12, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mọ ohun tí a ń wí. Ní Èkó, ẹ lè pe 767 tàbí 112 lórí fóònù. Oògùn tí ó ń gba ẹ̀mí là ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ adrenaline, tí a ń gún sí itan, kò sì sí ohun kan nínú ilé tí ó lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ má ṣe rọ epo pupa sí ọmọ náà lẹ́nu, ẹ má ṣe rọ àgbo fún un, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Ọmọ tí mímí ń ni lára lè fa epo náà sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn yóò sì di wàhálà kejì. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó bí kò bá rí èémí mí dáadáa. Bí ó bá sì ti rọ, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀.

Ó kù èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì ṣòro jù láti mọ̀.

Àwọn baba wa mọ èèwọ̀ ìdílé, èyí tí gbogbo ọmọ ilé jọ ń pa mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń sọ yìí jẹ́ ti ara ọmọ kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ lè máa jẹ oúnjẹ náà láìsí ewu. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní allergy ni pé agbára tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bá àrùn jà, ṣi oúnjẹ kan mú fún ọ̀tá, ó sì dìde ogun sí i. Irú èyí kì í pẹ́ kí ó tó farahàn: láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí 2 lẹ́yìn oúnjẹ ni ara yóò lé, tí ètè yóò wú, tí ọmọ yóò bì. Ẹyin, mílíìkì màlúù, ẹ̀pà, kajú, ẹja, edé, àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, sóyà àti yànmọtí ni ó sábà máa ń fa èyí. Irú kejì lọ́ra. Ó lè di wákàtí púpọ̀ tàbí ọjọ́ kejì kí ìgbẹ́ tó ṣàn, tàbí kí ikun tàbí ẹ̀jẹ̀ tó hàn nínú ìgbẹ́, tàbí kí ọmọ máa bì ní ojoojúmọ́ tí kò sì sanra. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ ọmọ, ẹ má ṣe jókòó máa ro ohun tí ó jẹ. Dókítà ni kí ó rí i, nítorí ìgbẹ́ ọ̀rìn náà ń mú ẹ̀jẹ̀ wá.

Kì í ṣe gbogbo pípọ́n ara ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń gbé nítòsí ọjà tòmátì àti ọjà èso mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ. Ọmọ a jẹ ọsàn tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tàbí ọbẹ̀ tòmátì a ta sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ibi tí omi rẹ̀ kàn a sì pọ́n, kò ní tàn kọjá ibẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi lọ. Omi kíkan ni ó ta á lára. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, ó tán. Ní ti eyín, ó lè mú kí itọ́ dà, kí ọmọ sì máa ké. Kì í mú ètè wú, kì í sì í mú ara lé kúlúkúlú. A fi ọ̀wọ̀ sọ èyí fún àwọn ìyá wa àgbà, tí wọ́n ti fi eyín bo àṣìṣe púpọ̀ mọ́lẹ̀ fún wa. Bí ìgbẹ́ bá sì ń ṣàn tí ibà wà níbẹ̀, tí ọmọ mìíràn nínú ilé kan náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe jù pé omi tàbí ọwọ́ tí kò mọ́ ni ó fà á. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà ti ilé ìwòsàn àti oògùn zinc ni ọmọ náà ń fẹ́, kì í ṣe pé kí a mú oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀.

Mílíìkì tọ́ sí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí òun ni a sábà máa ń fi ẹ̀sùn kàn. Ní ọdún 1971, Olíkóyè Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ oníṣègùn àwọn ọmọdé ní Èkó, tí ó sì wá di Mínísítà Ìlera nígbà tí ó yá, bá Norman Kretchmer ti Amẹ́ríkà àti àwọn mìíràn ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí ikùn àwọn ẹ̀yà ilẹ̀ Nàìjíríà ti ń lo ṣúgà tí ó wà nínú mílíìkì. Wọ́n rí i pé ikùn púpọ̀ nínú àwọn Fúlàní darandaran lè lò ó, ṣùgbọ́n ikùn àwọn Yorùbá tí ó ti dàgbà kò lè lò ó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ọwọ́ wa ní agbára náà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já lẹ́nu ọmú ni ó ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, bí baba bá mu mílíìkì tí inú rẹ̀ sì ń kùn, èyí kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ mu ún. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn kúrò nínú ìgbẹ́ gbuuru náà lè má lè lo ṣúgà yìí fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà agbára rẹ̀ a padà bọ̀. Ẹ kíyèsí ìyàtọ̀ yìí: ẹni tí ikùn rẹ̀ kò lè lo ṣúgà mílíìkì sábà lè jẹ wàrà àwọn Fúlàní, nítorí púpọ̀ nínú ṣúgà náà ti bá omi rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń bá mílíìkì màlúù jà kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan wàrà pẹ̀lú. Ọ̀kan jẹ́ àìlágbára ikùn, èkejì jẹ́ ogun.

A dé orí ẹnì kẹta, èyí tí ó ní kí a mú ohun gbogbo kúrò. Òun ni a bẹ̀rù jùlọ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàbí ọgbọ́n. Bí a bá mú ẹyin, ẹja, edé, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti mílíìkì kúrò nínú àwo ọmọ ní Kosọ́fẹ́, kí ni ó kù? Ẹ̀kọ ni, àti ẹ̀bà. Dókítà Cicely Williams rí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ẹsẹ̀ wọn wú, irun wọn pọ́n, awọ ara wọn ń bó, ẹ̀kọ àgbàdo nìkan sì ni oúnjẹ wọn lẹ́yìn tí a ti já wọn lẹ́nu ọmú. Ó kọ̀wé nípa wọn ní ọdún 1933, ó sì fi orúkọ tí àwọn Gã ń pe àrùn náà, kwashiorkor, hàn fún ayé ní ọdún 1935. Àìsí oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà ni ó ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwa Yorùbá pẹ̀lú ti ní àṣà kan tẹ́lẹ̀ pé ọmọ tí a bá ń fún ní ẹyin yóò di olè, a kò sì fẹ́ kí àṣà náà padà wọlé pẹ̀lú aṣọ dókítà lọ́rùn.

Pípẹ́ kí a tó fún ọmọ ní oúnjẹ kan kì í sì í ṣe ààbò. Ní London, wọ́n mú 640 ọmọ ọwọ́ tí ó ṣeé ṣe kí ẹ̀pà kọ̀ lára. Wọ́n ń fún apá kan ní oúnjẹ ẹ̀pà déédéé, wọ́n sì pa á mọ́ kúrò lẹ́nu apá kejì. Ìwádìí náà jáde ní ọdún 2015: nígbà tí wọ́n pé ọdún 5, nǹkan bí 17 nínú 100 àwọn tí kò jẹ ẹ́ ni ẹ̀pà kọ̀ lára, ṣùgbọ́n nǹkan bí 3 péré nínú 100 àwọn tí ó ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, lẹ́yìn oṣù 6 tí a fi ọmú nìkan bọ́ ọmọ, ẹ fún un ní ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná, tí a pò mọ́ ẹ̀kọ. Ẹ má fún un ní odindi ẹ̀pà, nítorí ó lè há a lọ́fun. Ọmọ tí awọ ara rẹ̀ ti ń yún un gidigidi, tí ó sì ń ya láti ìgbà ọmọ ọwọ́, ni kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ó tó tọ́ ẹ̀pà wò.

Kí ẹ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì jẹ́ òwúrọ̀ tí ojú yín wà lára rẹ̀. Nínú èyí ni àwa ìyá Èkó ti ń ṣe àṣìṣe: a ń pa sóyà, ẹ̀pà, edé, àgbàdo àti mílíìkì pọ̀ sínú agolo kan, a ń fún ọmọ ní gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Bí ara bá lé, ta ni a ó mú? Mọ́ín-mọ́ín ẹlẹ́mìí méje náà rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí méje ni a ó máa fura sí.

Èyí ni ó mú kí a sọ fún ìyá ará Ìkòsí náà pé kí ó ra ìwé pélébé kan, kí ó kọ ohun gbogbo tí ọmọ náà ti jẹ sínú rẹ̀ bí ó ti rántí sí, àti ohun tí ó tẹ̀lé e, àti iye ìṣẹ́jú tí ó fi tẹ̀lé e. Kí ó fi fóònù ya àwòrán ara ọmọ náà bí ó bá tún lé, nítorí ara náà a máa rọlẹ̀ kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ó tún kọ̀wé sí wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà. Edé ni òun tìkára rẹ̀ ti fura sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣí ìwé náà, ó rí i pé ọmọ náà ti jẹ edé nínú ẹ̀fọ́ ní ìgbà 4 tí nǹkan kan kò ṣe é. Ẹyin ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ, àti kéèkì díẹ̀ ní oṣù tí ó ṣáájú, tí ó mú kí ó máa fi ọwọ́ ra ẹnu. Dókítà ka ìwé náà, ó fi abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ dán awọ ọmọ náà wò, ẹyin sì ni. Ó sọ fún un pé púpọ̀ nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ara wọn ń padà gba ẹyin bí wọ́n ti ń dàgbà, kí ó mú un padà wá fún àyẹ̀wò, kí ó má sì dán an wò fúnra rẹ̀ nílé. Kí ó gba abẹ́rẹ́ èéyi gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ yòókù, nítorí èyí kò léwu fún un. Ṣùgbọ́n kí ó sọ ti ẹyin náà fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fún un ní èyí tí ó wà fún ibà pọ́njú, bí kò bá tí ì gbà á.

Ọmọ náà ń jẹ ẹja, ẹ̀wà, edé àti ẹ̀pà lílọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ tí ó sọ ti eyín ni ó ń gbé e lọ sí òde báyìí ní ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú mọ́ín-mọ́ín tirẹ̀ tí a sè lọ́tọ̀ nínú ewé, a sì gbọ́ pé kò sí ẹni tí ó lè na ọwọ́ kéèkì sí ọmọ náà níwájú rẹ̀.