Ṣé Kí Ọmọ Tú Pẹ́dàlì Gìtá Rẹ̀?

Ìyá kan kọ̀wé sí wa láti Kàdúná. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 17, ló ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó tọ́jú owó fún oṣù mélòó kan, ó sì fi ra pẹ́dàlì overdrive tí oníṣẹ́ ọwọ́ kan ṣe. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi ní ohùn rẹ̀ tín-ín-rín jù, pé òun fẹ́ tú u kí òun pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀. Màmá wá ń bi wá pé ṣé kí òun máa wò ó kó ba owó rẹ̀ jẹ́ ni, àbí kí òun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí òun tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Màmá, ẹ má tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Pẹ́dàlì àfọwọ́ṣe ṣeé tún ṣe, ara ohun tó dára nípa rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ọmọ yín ti fẹ́ gbé irin gbígbóná kó tó mọ ohun tó ń wá. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, àpótí irin kékeré ni pẹ́dàlì, ó máa ń wà láàárín gìtá àti amplifáyà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Láyé àtijọ́, túùbù onígíláàsì ló ń ṣiṣẹ́ nínú amplifáyà. Tí onígìtá bá fi ipá lò ó, ohùn rẹ̀ á ha bí ohùn oníwàásù tó ti ń ké láti àárọ̀, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀. Pẹ́dàlì overdrive ń fi bátìrì 9V ṣe irú rẹ̀. Àwọn àgbà tó gbọ́ Ofege, ẹgbẹ́ olórin tí àwọn ọmọ St. Gregory's College l'Ékòó dá sílẹ̀, tó gbé àwo Try and Love jáde ní 1973, mọ bí gìtá tó ha ṣe ń dún. Ọmọ ilé-ìwé làwọn náà nígbà yẹn o.

Ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì àfọwọ́ṣe ló ń tọ ipasẹ̀ Tube Screamer, tí Ibanez gbé jáde láti Japan ní ìparí àwọn ọdún 1970. IC kan, tí wọ́n sábà máa ń kọ 4558 sí lára, ló ń sọ ìró gìtá di ńlá. Dáyóòdù méjì wá dà bí àjà ilé fún ìró náà: èyí tó bá ga jù, orí rẹ̀ á gbá àjà, ohùn á sì ha. Dáyóòdù lásán bíi 1N4148, àjà tiẹ̀ kò ju nǹkan bíi 0.6V lọ. Tí ẹ bá fi LED pupa rọ́pò wọn, irú iná kékeré tó wà lára rédíò, àjà á ga tó nǹkan bíi 1.7V. Ohùn á pariwo sí i, kò sì ní tètè ha.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ohùn tín-ín-rín kọ́ ni ẹjọ́ dáyóòdù. Kapásítọ̀ kékeré kan ni ẹ ó bi. Nínú Tube Screamer, 473 ni nọ́ńbà rẹ̀, ìyẹn 0.047 µF, ó sì so mọ́ rẹsísítọ̀ 4.7k. Àwọn méjèèjì ló ń pààlà sí nǹkan bíi 720 Hz: ìró tó bá wà lókè ààlà náà ń gba agbára tó pé, èyí tó wà nísàlẹ̀ ń gba díẹ̀díẹ̀. Okùn gìtá tó nípọn jù, nǹkan bíi 82 Hz ni ohùn rẹ̀. Tí a bá fi 104 (0.1 µF) rọ́pò 473, ààlà á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 340 Hz, ohùn á sì kún. Tí a bá fi 224 sí i, á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 155 Hz. Lójú tèmi, ìyẹn ti pọ̀ jù. Kó má fọwọ́ kan rẹsísítọ̀ yẹn rárá, torí pé tó bá pààrọ̀ rẹ̀, ààlà á yí, agbára náà á yí, kò sì ní mọ èwo ló ṣe kí ni.

Ẹni tó ṣe pẹ́dàlì náà lè má ṣe àṣìṣe kankan. Nínú ẹgbẹ́ akọrin, gìtá béèsì àti ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ló ni ìsàlẹ̀. Gìtá tó bá tún lọ já ìsàlẹ̀ náà gbà, gbogbo rẹ̀ á pò pọ̀ bí àmàlà tó kókó. Ohùn tó tín-ín-rín nínú yàrá ọmọ yín lè jẹ́ ohùn tí a óò gbọ́ ketekete lọ́jọ́ Ìsinmi. (Àwọn onígìtá jùjú mọ èyí dáadáa: gìtá mẹ́ta lè máa dún pa pọ̀, kí etí máa gbọ́ ti oníkálukú.) Torí náà, kó kọ́kọ́ gbé e lọ síbi ìdánrawò, kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì kó gbọ́. Tó bá ṣì tín-ín-rín níbẹ̀, kó tú u. Tó bá sì jẹ́ pé òun nìkan ló ń ta gìtá fún akọrin kan, tí kò sí béèsì, 104 lè bá a mu.

Tó bá di àtitú, kó kọ́kọ́ pe ẹni tó ṣe é. Àǹfààní ohun àfọwọ́ṣe nìyẹn: olóhun ṣì wà lórí fóònù, ó sì mọ ibi tí kapásítọ̀ náà wà. Kó fi fóònù ya inú rẹ̀, kó yọ bátìrì, kó pààrọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo, kó sì tọ́jú èyí tó yọ. Tó bá lè jó sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré mọ́ ibẹ̀, á lè máa ki kapásítọ̀ bọ̀ ọ́ kó máa yọ ọ́ láìtún gbé irin mọ́.

Irin náà ń gbóná kọjá 300°C, òjé sì sábà máa ń wà nínú ohun tí wọ́n fi ń jó o. Kó má ṣe é lórí tábìlì oúnjẹ, kó ṣí fèrèsé, kó lé àwọn àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn, kó sì fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó jẹun.

Bátìrì 9V kò lè gbé e. Amplifáyà ni kí ẹ bẹ̀rù, pàápàá onítúùbù: iná ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóòtì lè ṣì wà nínú kapásítọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Ẹ jẹ́ kó tú pẹ́dàlì. Tó bá gbé sukuduráífà súnmọ́ amplifáyà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.