Ta Ló Yẹ Kó Sanwó Ìtọ́jú Ọkàn Òṣìṣẹ́ Òrégùn?

Ká ní ẹ̀rọ gé ọmọ ìka ẹnìkan ní ilé-iṣẹ́ oníke kan ní Òrégùn, nílùú Èkó. Wọ́n á gbé e dé ọsibítù, ilé-iṣẹ́ á sì sanwó. Ẹni tí wọ́n jọ dúró ti ẹ̀rọ náà, tí ẹ̀jẹ̀ ta sí láṣọ, kò fara pa, àmọ́ oorun ti dá lójú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti dún, àyà rẹ̀ á já. Bí ó bá fẹ́ rí therapist, ìyẹn amọṣẹ́ tó ń tọ́jú ọkàn, àpò ara rẹ̀ ló sábà máa ń tọwọ́ bọ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí lọ́dún 2024 ni ₦70,000. Bí ìjókòó kan bá jẹ́ ₦15,000, tó sì ń lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ₦60,000 ti lọ lóṣù nìyẹn, kò tíì wọkọ̀, kò tíì ra gààrí.

Agbanisíṣẹ́ ló yẹ kó san án, kì í sì í ṣe àánú la ń bẹ̀ ẹ́ fún. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti ní kí ilé-iṣẹ́ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ sí àpò NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà, abala 9 rẹ̀ sì ka ìpayà ọkàn tí ìṣẹ̀lẹ̀ òjijì lẹ́nu iṣẹ́ fà mọ́ ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ sanwó. Àmọ́ òfin kan náà yọ ìdààmú tí ìpinnu agbanisíṣẹ́ fà sílẹ̀, bíi yíyí iṣẹ́ padà tàbí lílé ènìyàn dànù. Ẹni tí wọ́n sọ sí iṣẹ́ alẹ́ títí ọkàn rẹ̀ fi dàrú lè má rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìbánigbófò ìlera, tí òfin ọdún 2022 sọ di dandan, ti gbà á: kí ìjókòó pẹ̀lú therapist wà nínú àdéhùn HMO, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ìbánigbófò náà, bí ìtọ́jú ibà ṣe wà níbẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹbí, pásítọ̀ àti àáfà ti tó wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, kò kóyán ẹbí kéré: láti 1954 ló ti ń fi àwọn aláìsàn ọsibítù ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé ìtòsí, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba ìtọ́jú ọsibítù lọ ni. Àwọn mìíràn á ní ọsibítù ọpọlọ Yábà wà, ìjọba ló ni ín. Ó wà lóòótọ́, láti 1907. Àmọ́ ẹni tó bá tò síbẹ̀ látàárọ̀ ti pàdánù owó ọjọ́ yẹn, pàápàá kásúà tó ń gbowó ojúmọ́. Àtakò tó le jù sì nìyí: kásúà kì í sábà ní HMO. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó tún jókòó dúnàá-dúrà, kí wọ́n kọ orúkọ kásúà sínú ìwé àdéhùn HMO kí wọ́n tó kan ọ̀rọ̀ owó oṣù.