Ọ̀nà Kan Ò Wọjà, Afárá Wọn Ńkọ́?

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Àwọn tó ń ta ráútà ti sọ òwe yìí di ìpolówó báyìí: ẹ ra ìkejì, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà méjì bá wọ ọjà, tó sì jẹ́ pé orí afárá kan náà ni méjèèjì ń gbà kọjá, lọ́jọ́ tí odò bá gbé afárá náà lọ, ọ̀nà mélòó ló kù? Ohun tí mo fẹ́ bá ará Ìlerò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn, kí gbogbo Òkè-Ògùn sì bá wọn gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra ráútà olósíìmù láti fi ti íntánẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ lẹ́yìn, kó má tíì béèrè iye rẹ̀, kó má tíì béèrè bó ṣe yára tó. Kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: ohun tó máa ń pa ti àkọ́kọ́, ṣé kò ní pa èkejì náà?

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ mẹ́ta wò ó. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2024, okùn fáíbà MTN já níbi púpọ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn ò lè pe ènìyàn, wọn ò sì rí íntánẹ́ẹ̀tì lò fún wákàtí púpọ̀. Ẹni tó ní síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sígbà náà, lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta, okùn mẹ́rin tó gba ìsàlẹ̀ òkun, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Ọ̀rọ̀ náà kan Gánà, ó kan Benin, ó kan Nàìjíríà. Báńkì ò ríṣẹ́ ṣe bó ṣe yẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó sì ń yọ síìmù kan fi òmíràn sí kàn ń da ara wọn láàmú ni, nítorí ohun tó bàjẹ́ jìnnà sí síìmù. Ìgbà tó di ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2025, ó kan Starlink tí gbogbo wa ń pè ní íntánẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀run. Sọ́fítíwià inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn lọ́hùn-ún ló ṣe àṣìṣe, gbogbo ayé sì wà láìní Starlink fún bíi wákàtí méjì àtààbọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, síìmù olówó pọ́ọ́kú ló gba olówó sílẹ̀.

Kò sí èyí tí kì í bàjẹ́ nínú wọn. Ìdí tí wọ́n fi ń bàjẹ́ ló yàtọ̀ síra, ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni ènìyàn sì ń fowó rà nígbà tó bá ń ra ìkejì.

Ní ìlú bíi Ìlerò, ìyàtọ̀ yìí kì í hàn sójú. Ẹ̀yin tí ẹ ní síìmù MTN àti Airtel nínú fóònù kan, ẹ lè rò pé ẹ ní ọ̀nà méjì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2014 ni MTN ti ta àwọn òpó rẹ̀ ní Nàìjíríà fún ilé-iṣẹ́ IHS. Lọ́dún 2015, Airtel ta èyí tó pọ̀ jù nínú tirẹ̀ fún American Tower. Iṣẹ́ àwọn tó ra òpó wọ̀nyí ni kí wọ́n fi òpó kan gba ayálégbé méjì, mẹ́ta. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, MTN àti Airtel tún kéde pé àwọn yóò jọ máa pín ohun èlò nẹ́tíwọ́ọ̀kì lò ní Nàìjíríà àti Uganda. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Bí wọn ò bá pín ìnáwó, ìlú kéékèèké ló máa kẹ́yìn. Àmọ́ ohun tó ń sọ fún ẹni tó fẹ́ ra ìkejì ni pé àwọ̀ síìmù lè yàtọ̀, kí òpó, jẹnẹrétọ̀ àti àwo tó ń so wọ́n mọ́ ìlú ńlá jẹ́ ọ̀kan náà. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá tán nídìí òpó yẹn, àwọ̀ yẹ́lò àti àwọ̀ pupa á jọ sùn ni.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Kò gba ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bá tún lọ, ẹ bi aládùúgbò tó ń lo òmíràn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé tiyín ṣì wà?" Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan. Èyí tó máa ń wà nígbà tí tiyín ò sí, òun ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìkejì, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé kò yára tó ti àkọ́kọ́. Èyí tó bá yára ṣùgbọ́n tó máa ń bá tiyín lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi í sílẹ̀.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dára ní Òkèhò lè máà wúlò ní Ìlerò, èyí tó sì dára ní òpin àdúgbò kan lè máà wọ yàrá yín. Àpáta ń dí ìgbì, páànù ń dí i, ògiri alámọ̀ tó nípọn náà ń dí i. Nítorí náà, ẹ yá síìmù lọ́wọ́ ọmọ, lọ́wọ́ ìyàwó, lọ́wọ́ ayálégbé, kẹ́ ẹ fi wọ́n wò nínú ilé yín gan-an kẹ́ ẹ tó náwó. Ẹ wò ó láàárọ̀, kẹ́ ẹ tún wò ó láago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo ìlú bá ti darí oko dé tí wọ́n sì ń wo fídíò. Ẹ gbé e sẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí òpó. Ojú ìwé tí ẹ ti ń tún ráútà tò máa ń fi agbára ìgbì hàn ní nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú: bó bá wà níbi 80, ó dára púpọ̀, bó bá ti kọjá 110, ó ti ń mí gúlegúle nìyẹn, ráútà olówó iyebíye kankan ò sì lè jí i.

Ọ̀rọ̀ iná ló kàn, ibẹ̀ sì ni afárá tó máa ń wó jù lọ́dọ̀ tiwa. Okùn tó já lábẹ́ òkun kì í ṣe ohun ojoojúmọ́. Iná NEPA ńkọ́? Àwo Starlink tó wọ́pọ̀ máa ń jẹ tó wáàtì 75 sí 100; Mini, tó kéré, ń jẹ bíi 25 sí 40. Ọ̀pọ̀ ráútà olósíìmù inú ilé kì í jẹ ju wáàtì 12 lọ, nítorí fóòtì 12 àti áḿpù kan ló wà lára ṣájà rẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò wákàtí mẹ́jọ òru: ráútà á jẹ nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 96, àwo tó ń jẹ wáàtì 80 á jẹ 640. Bátìrì kékeré olófóòtì 12 tí wọ́n ń tà fún ráútà lè gbé ráútà fún wákàtí díẹ̀ láìlo ínfátà rárá. Àwo á fa ínfátà yín gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fi Starlink ṣe àkọ́kọ́, tó wá ra ráútà síìmù, tó sì so méjèèjì mọ́ ínfátà kan náà, kò tíì ra ìkejì. Ráútà gbọ́dọ̀ ní bátìrì tirẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ra bátìrì yẹn, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà ráútà dáadáa: èyí tó ń fẹ́ fóòtì 5, bẹ́ ẹ bá fún un ní 12, ó lè jóná lójú yín.

MiFi, ráútà kékeré tí a lè gbé rìn, ní bátìrì tirẹ̀ nínú, ó sì dára fún ẹni tó ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Àmọ́ éríà inú rẹ̀ kò lágbára. Fún ilé tó jìnnà sí òpó, ráútà tó ní ihò méjì fún éríà ìta ló dára jù, kẹ́ ẹ lè gbé éríà sórí òpó bí ti tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́. Kí wáyà rẹ̀ má gùn jù, torí wáyà gígùn ń jẹ agbára tí éríà rí gbà.

Bẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù ní Ìsẹ́yìn tàbí Ìbàdàn, ọmọ tó ń tajà á ní, "Daddy, èyí ni ọjà tó ń lọ, 5G ni." Ẹ rọra dá a lóhùn. Òótọ́ ni pé Ìbàdàn wà lára ìlú méje tí MTN fi bẹ̀rẹ̀ 5G lọ́dún 2022, ṣùgbọ́n Ìbàdàn kì í ṣe Ìlerò. Ẹ má sanwó ohun tí òpó ìlú yín ò gbé. Ìbéèrè tó wúlò ni, "Ọmọ mi, ṣé ó ń gba báńdì 3, 20 àti 28?" Ìdí rẹ̀ nìyí: orí ìgbì 700 MHz, tí í ṣe báńdì 28, ni Glo ti bẹ̀rẹ̀ 4G, MTN ń lo 800, tí í ṣe báńdì 20, Airtel ń lo 1800, tí í ṣe báńdì 3. Ìgbì tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré máa ń rìn jìnnà, ó sì máa ń wọ ilé ju èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi lọ. Ìyẹn gan-an ni ilẹ̀ ọ̀dàn tí abúlé jìnnà síra bíi tiwa ń fẹ́. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣeun tí ẹ ń rántí ilé, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ráútà tí wọ́n ṣe fún ọjà ọ̀hún kò ní báńdì wọ̀nyí. Tòkunbọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù sàn díẹ̀, torí báńdì 3 àti 20 wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kẹ́ ẹ ṣáà rí i pé wọn ò tì í mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan. Ráútà tí wọ́n tì mọ́ ilé-iṣẹ́ kan kò lè bá yín sá lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà bá dákú. Ohun tí ẹ torí ẹ̀ rà á sì nìyẹn.

Ó ku síìmù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn ra dátà ńlá sórí ìkejì, kó gbé e sílẹ̀, kí ọgbọ̀n ọjọ́ pé, kí dátà gbé. Láti ìgbà tí àjọ NCC, tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ti fọwọ́ sí àfikún tó tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó ìpè àti dátà ní oṣù Kìíní ọdún 2025, owó tó ń gbé báyìí kì í ṣe owó kékeré. Owó ìpè ni kẹ́ ẹ fi sórí ìkejì, kì í ṣe dátà. Lọ́jọ́ tí àkọ́kọ́ bá lọ, ẹ fi síìmù náà sínú fóònù, ẹ tẹ *312#, ẹ ra ti ọjọ́ kan tàbí ti ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ dá a padà sínú ráútà. Ẹni tí kò fi owó ìpè sí i ṣáájú á rí i pé íntánẹ́ẹ̀tì ni báńkì òun náà fẹ́ lò láti ra íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì má jẹ́ kí síìmù náà sùn jù: láìná kọ́bọ̀ lórí rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, òfin NCC gba ilé-iṣẹ́ láyè láti pa á, bó bá sì tún di oṣù mẹ́fà mìíràn, nọ́ńbà náà lè bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ṣé gbogbo ènìyàn ló nílò ìnáwó yìí? Rárá o. Ẹni tó jẹ́ pé WhatsApp àti ìròyìn nìkan ló ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe, síìmù kejì nínú fóònù ti tó o. Kó fi owó ráútà ra ajílẹ̀. Oní-POS tí ọjà ń dúró dè, ẹni tó ń ṣe fọ́ọ̀mù JAMB fún ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀dọ́ tó jókòó sí Ìlerò tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá tó wà lókè òkun, àwọn wọ̀nyí ni wákàtí mẹ́ta láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Fún ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ dáwó jọ ra ráútà kan àti bátìrì kan. Kò sí òfin tó ní kí olúkúlùkù dá tirẹ̀ ní.

Ẹnìkan á ní, ṣé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ àti ìjọba kọ́ nìyí? Iṣẹ́ wọn ni. Lọ́dún 2025, NCC pàṣẹ pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ní ìdádúró ńlá tó ju wákàtí 24 lọ, kí ilé-iṣẹ́ san ẹ̀san fún oníbàárà. Ó dára. Ṣùgbọ́n lára ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìdádúró ńlá ni kó kan ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òpó kan tó kú sí Ìlerò, inú ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà nìkan ló kú sí. Ó lè wà ní òkú fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣòfin má sì kà á mọ́ ńlá. Ẹ pe 622, kẹ́ ẹ fẹjọ́ sùn. Bí ẹjọ́ bá pọ̀, wọ́n á gbọ́. Èmi ò sọ pé kẹ́ ẹ dákẹ́. Mo ní kẹ́ ẹ má fi ọjà yín dúró de ìgbà tí wọ́n máa dáhùn.

Bẹ́ ẹ bá ti rà á tán, iṣẹ́ kan ló kù, òun ni púpọ̀ nínú wa kì í ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé tí kò sí wàhálà kankan, ẹ fọwọ́ ara yín pa íntánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ẹ pa ínfátà, kẹ́ ẹ wá fi ìkejì nìkan ṣe iṣẹ́ wákàtí méjì. Bí iṣẹ́ bá lọ, owó yín kò ṣòfò. Bí kò bá lọ, ó sàn kẹ́ ẹ mọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ju kẹ́ ẹ mọ̀ lọ́jọ́ tí oníbàárà tò síwájú ṣọ́ọ̀bù yín.