Ilé Ọ̀sẹ̀ Kan Létí Òkun

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo ẹni tí ó bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní Ìlú Ọba, nítorí owó tí àwọn ènìyàn wa ń fi òógùn ojú kó jọ níbẹ̀ ni ó ń bá a lọ.

Ọjà kan wà tí àwọn Òyìnbó ń pè ní timeshare. Mo wá ìtumọ̀ rẹ̀ títí; èyí tí ó sún mọ́ ọn jù ni pé ènìyàn ra ọ̀sẹ̀ kan nínú ilé. Kì í ṣe pé ó ra ilé o! Wọn a mú iyàrá kan nínú ilé ìgbafẹ́ ńlá, wọn a pín ọdún rẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, wọn a sì tà á fún bí àádọ́ta ènìyàn, kí kálukú máa wá lo ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ lọ́dọọdún. Orí àwọn òkè yìnyín ilẹ̀ Faransé ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, kí ó tó tàn dé Amẹ́ríkà àti etí òkun Sípéènì. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè rò pé èésú ni. Ṣùgbọ́n nínú èésú, bí o bá ti kó tìrẹ, tí o sì dá owó rẹ pé, ó parí. Ti ọjà yìí kì í parí. Lẹ́yìn owó tí o fi rà á, o ó máa san owó ìtọ́jú ilé lọ́dọọdún, o lọ o, o kò lọ o, owó náà a sì máa gun òkè bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Àbúrò mi tí ó ń wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù ra irú rẹ̀ ní ọdún 2011, ní erékùṣù Tenerife. Sípéènì ni ó ni erékùṣù náà, ṣùgbọ́n ìhà ọ̀dọ̀ wa ní Áfíríkà ni ó wà, nínú òkun tí ó kọjú sí Mòrókò. Oúnjẹ alẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi pe òun àti aya rẹ̀ wá sí ìpàdé. Wákàtí márùn-ún gbáko ni wọ́n fi dá wọn jókòó, kí wọ́n tó gba ìfọwọ́sí wọn. £9,500 ni ó san. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí owó náà ti wá: owó ilé tí ó ń kọ́ nílé ni. Líńtẹ́ẹ̀lì ni ilé ọ̀hún dúró sí títí di òní, koríko sì ti hù nínú yàrá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó ní kí èmi àti ìyàwó mi wá bá òun àti ìdílé òun lọ, kí àwa náà lè jẹ ìgbádùn. Ti wàhálà físà, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Àwa méje ni a balẹ̀ síbẹ̀. Ìwé àbúrò mi sọ pé yàrá méjì tí ó kọjú sí òkun ni tirẹ̀. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n fún wa. Àga gígùn tí a ń fà jáde ni àwọn ọmọ mẹ́ta sùn lé. Fèrèsé wa kọjú sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí. Omi ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ agbéniròkè sì ti kú. Nígbàtí a bèèrè, wọ́n ní àwọn tí ó tètè kọ̀wé ti gba àwọn yàrá tí ó dára, nítorí àsìkò ìsinmi ilé ìwé ni.

Èmi kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu erékùṣù náà. Iyanrìn rẹ̀ dúdú bí èédú, nítorí òkè tí ń yọ iná ni ó bí ilẹ̀ ibẹ̀. Òkè Teide, tí ó ga ní mítà 3,715, kò sì ní ẹlẹ́gbẹ́ ní gbogbo Sípéènì. Inú àwọn ọmọ dùn sí òkun. Ìyàwó mi ni ó yíjú sí mi ní ọjọ́ kejì tí ó ní, “Baálé mi, ṣé nítorí èyí ni mo ṣe ti ṣọ́ọ̀bù?”

Ohun tí ó dùn mí jù kò tíì wá. Tọkọtaya Gẹ̀ẹ́sì kan wà ní yàrá kejì sí tiwa, irú yàrá kan náà. Wọn kò ra ọ̀sẹ̀ kankan. Orí fóònù ni wọ́n ti gbà á, £610 ni wọ́n sì san fún ọjọ́ méje. Owó ìtọ́jú tí àbúrò mi san ní ọdún náà nìkan jẹ́ £940. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ bá mi ṣe ìṣirò yẹn.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n tún pè wá sí ìpàdé. Ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ ń pe àbúrò mi ní orúkọ bí ẹni pe ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní bí ó bá fi £6,000 kún un, yóò máa rí òkun láti ojú fèrèsé. Mo bi í ní ìbéèrè kan péré: bí a bá fẹ́ dá a padà fún yín lónìí, èló ni ẹ ó rà á? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn kì í rà á padà.

Àwọn bàbá wa mọ nǹkan tí ó jọ èyí. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó kì í dín gbèsè kù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá rí owó san, ó di òmìnira. Àbúrò mi ti san owó tirẹ̀ pé láti ọjọ́ yìí, síbẹ̀ kò tíì bọ́.

Òfin kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ pátápátá. Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jùmọ̀ ṣe ní 2008 fún ẹni tí ó bá rà á ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà láìsọ ìdí, olùtà kò sì gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyí. Irú òfin bẹ́ẹ̀ wà ní Ìlú Ọba náà. Nítorínáà, bí ọmọ yín bá pè yín láti irú ibẹ̀, ọjọ́ tí ó fọwọ́ sí ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ní Sípéènì, òfin 1998 sọ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 50 ọdún lọ, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù níbẹ̀ sì dá a ní 2015 pé èyí tí wọ́n kọ “títí láé” sí lẹ́yìn tí òfin náà bẹ̀rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. “Títí láé” ni ó wà nínú ìwé àbúrò mi. Àwọn kan ti ń pè é lórí fóònù pé kí ó kọ́kọ́ san £2,000 kí àwọn bá a gba owó rẹ̀. Mo ní kí ó má dá wọn lóhùn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú irú wọn jẹ́ gbájú-ẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ti ka ìwé náà fúnra rẹ̀. Ó bi bàbá rẹ̀ bóyá òun ni yóò máa san án bí kò bá sí mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó lé e dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò kan ní Sípéènì. Ìwé ti lọ, èsì kò tíì dé. Bí ó bá dé, ẹ ó kà á lójú ìwé yìí.